Ìwé Tí Kì Í Ṣe Ti Sísì

Ní Sátidé kan, ìyá onílé mi bá mi nídìí tábìlì tí mo ń to owó onírin sí, wọ́n sì gbé owó sísì kan tó wà nínú páálí kékeré síwájú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń rẹ́ǹtì yàrá lọ́dọ̀ wọn ní New Carrollton, ní Amẹ́ríkà níbí. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń kó owó púrúùfù Amẹ́ríkà àtijọ́ jọ, ìyẹn owó tí wọ́n dìídì fi òǹtẹ̀ tó ń dán bíi dígí lù fún àwọn tó ń tọ́jú owó, tí kì í ṣe fún ọjà. Sísì tiwọn jẹ́ ti Nàìjíríà, láti ayé kí náírà tó dé. Wọ́n ya kòkó sí i lẹ́yìn.

"Púrúùfù ni ọkọ mi pè é kí wọ́n tó kú," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi obìnrin ní irọ́ ni, pé bàbá òun fẹ́ràn fáàrí. Ó ní kí n má gbé e fún òun. Ìwọ tó ń kàwé rẹ̀, bá mi wò ó."

Ó ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo tí mo ní nígbà náà sọ pé fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe púrúùfù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Mo wọn sísì náà. Kò wúwo tó fàdákà.

"Ẹ má bínú, mà. Ó jọ pé ẹnì kan kàn nù ún kó lè máa dán ni."

Wọn ò jà. Wọ́n dé páálí rẹ̀. "Ó dáa. A jẹ́ pé ọmọ mi mọ bàbá rẹ̀ jù mí lọ." Wọ́n wá lọ rẹ ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Kí ni mo mọ̀ gan-an, kí sì ni mo kàn rò? Nínú ọkọ̀ ojú irin Metro ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí ìwé mi sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí mi ò kà rí: owó Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Òfin ilé onílé ni mo fi dá àlejò lẹ́jọ́.

Mo lọ sí láíbìrì, mo bèèrè ìwé owó gbogbo ayé. Ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ojú ewé Nàìjíríà ò pọ̀ níbẹ̀. Mo kà á pé kò sí fàdákà nínú sísì wa rárá, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni, àti pé wọ́n ṣe púrúùfù rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe ni. Kò tíì sọ pé tiwọn wà lára rẹ̀.

Nígbà tí mo tún bèèrè sísì náà, ìyá onílé mi wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé o fẹ́ sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo fi wò ó, mà. Èmi ni mo ṣì í."

Mo gba ìwé orin wọn, mo ṣí i kọjú sí sísì náà. Àwọn lẹ́tà hàn lójú rẹ̀ lódìlódì, títí kan àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà ẹ. Ìyẹn nìkan ò tó, torí owó tí wọ́n bá nù dáadáa náà lè ṣe bíi dígí. Mo wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Kò sí ibi tí ìnù ti ha á rárá. Ìlà ara kòkó ṣì mú, etí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán.

"Ó jọ púrúùfù gan-an, mà. Mi ò rí ohun tó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ tún wò ó."

"Ìwọ ọmọ yìí! Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá ilẹ̀ ti mọ́, wàá ní ó jọ bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tẹ fóònù.

Wọ́n pe ọmọ wọn ní District Heights, wọ́n sì na fóònù sí mi. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, mo sì jẹ́wọ́ àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Ọmọ náà wá bèèrè pé:

"Ṣé mo lè wá wò ó?"

Ìyá rẹ̀ já fóònù gbà. "Wá ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Etí rẹ̀ ni kó o dì mú o, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀!"