Ẹni Tó Kàn Án Ni Yóò Kọ́kọ́ Jókòó

Ìlà títọ́ ni mo fẹ́ràn jù láyé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan nílùú Warri, ó sì ti di ọdún mọ́kànlélógún báyìí tí mo ti ń fi rúlà lu tábìlì, tí mo ń pariwo pé, "Fa ìlà yẹn kó tọ́!" Nítorí náà, kó má yà yín lẹ́nu pé èmi Nímọ́tà wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ Jemima jẹ́. Mo tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Aládùúgbò mi ni Jemima ní etí omi Ogbe-Ijoh. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínsànmí, jẹ́ ará Ìlàjẹ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ́ bàtà, màá fìdí lé àpótí, màá sì máa dá sí ohun tí kò kàn mí. Baba ń pè mí ní Tíṣà, Jemima ń pè mí ní Anti. Èmi náà ń pe baba ní alágídí, àmọ́ inú ọkàn mi ni mo ti ń pè é.

Alágídí ni lóòótọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohun tó sì bá lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ló ṣì ń ṣe. Nínú ìdílé wọn, bí ọkọ̀ tuntun bá ti wọ omi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó rà á, àfi tí ọ̀gá tó kàn án bá kọ́kọ́ jókòó. Bí ọ̀gá bá jókòó, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Jemima ti ń bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló kàn wọ́n láti ìdí dé ẹnu. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti wọ omi, baba ni yóò ká ṣòkòtò sókè, baba náà ni yóò lọ jókòó. Jemima á dúró sínú ẹrẹ̀, hámà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wò wọ́n.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Ó ní, "Anti, I don tire. Papa ní ọwọ́ mi ò tíì balẹ̀." Inú bí mi nítorí rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún! Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó sí kíláàsì kan fún ọdún méjìdínlógún, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lẹ máa bá wí ni, àbí olùkọ́?

Ọkọ̀ onígi ò tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọkọ̀ fáíbà ni ayé ń rà. Bí Jemima ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ àga àti tábìlì kíkàn nìyẹn. Ó fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀ nígbà kan. Pákó kan ṣoṣo ni tábìlì inú rẹ̀, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ bí etí odò, bí igi náà ṣe rí nígbà tó wà lóòró. Mo ní, "Ta ló fi èyí sílẹ̀ láìparí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ti fóònù bọ àpò.

Lẹ́yìn náà ni Madam Patience dé. Ọmọ Urhobo ni, ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ní Otor-Udu, ó sì ní kí Jemima kan tábìlì ńlá kan fún òun. Ọjọ́ Sátidé ni yóò ṣí i. Inú Jemima dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Anti, èyí ni àkọ́kọ́ tí Papa ò ní fọwọ́ kàn. Bó bá dára, bóyá á gbà pé èmi náà ti di ọ̀gá." Mo ní àmín, mo sì wí i tọkàntọkàn.

Ó ti tọ́jú pákó ìrókò kan láti ọdún méjì. Ọjọ́ tí wọ́n là á ló ti fi ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì, kí oòrùn má baà mú un sán. Ó fi igi wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń yí i padà lóòrèkóòrè. Ó ní bí èèyàn bá fi igi tútù kan tábìlì, á ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá fi ìka kan pákó náà, tó sì dún kó-kó, á mi orí. Ó ní igi tó ṣì ní omi nínú kì í dáhùn bẹ́ẹ̀.

Èèpo ló kọ́kọ́ bó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò fi irin mímú gbẹ́ ẹ ni, àmọ́ irin kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ ti kú ló mú. Ó ń tì í bọ abẹ́ èèpo díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ibi tí igi bá gbà á lọ. Irin mímú a máa jẹ ara igi, èèpo tí wọn ò bá sì bó, kòkòrò ni yóò fi ṣelé. Lẹ́yìn náà ló fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo etí náà títí ó fi ń dán. Láti mọ̀ bóyá ojú pákó tẹ́jú, ó gbé ọ̀pá títọ́ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gbé ìkejì sí òpin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wò wọ́n. Bí ọ̀kan bá ga ju ìkejì lọ lápá kan, ibẹ̀ ni yóò fá. Ìyẹn dùn mọ́ mi, nítorí ìṣirò ni.

Baba ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń tún ṣe. Ó kàn ń pòṣé ni.

Ní ọjọ́rú, Jemima lọ wọn ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ ní Otor-Udu, kó lè mọ̀ bóyá tábìlì á gba ibẹ̀ wọlé. Mo ti ilé-ìwé dé, mo bá baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Ó ní, "Tíṣà, ó ti rẹ ọma mi." Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. "Sátidé ti dé tán, kò tíì gé ẹ̀gbẹ́ pákó yìí kó tọ́. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ bá mi di okùn yìí mú."

Ó yẹ kí n rántí fọ́tò inú fóònù, tí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ wọ́. Mi ò rántí. Wọ́n ní kí èmi wá fa ìlà títọ́, ṣé màá kọ̀? Mo di orí okùn tí wọ́n fi ẹfun pa mú, baba di ìdí rẹ̀ mú, ó fà á sókè, ó jù ú sílẹ̀. Tàú! Ìlà náà tọ́ dé ibi pé inú mi dùn. Baba fi ayùn ọwọ́ gé e, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì yọ ẹ̀gbẹ́ kan kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdá a sí méjì. Mo ra mínírà tútù fún wa. A jókòó, à ń kí ara wa kú iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni Jemima bá wa.

Ó dúró. Ó wo pákó, ó wo baba rẹ̀. "Papa, wetin be this?"

Baba rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ti bá ọ parí ẹ̀."

Ì bá pariwo mọ́ wa, ì bá sàn fún mi. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ sínú eruku pákó. Ó ní, "That side na wetin the woman like. Na that side be the table. Papa, ọdún méjì ni igi yìí fi gbẹ. I no get another one."

Baba wò mí, èmi náà wo ìgò mínírà. Ojú tì mí gan-an. Baba rọra gbé ayùn sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yà síbẹ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Baba ti wà níta. Ó tẹ́ aṣọ sórí àpótí, ó sì gbé ẹ̀là igi tó gé kúrò lé e. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ kì í ju igi tó wọ́ nù, nítorí ó lè wúlò fún egungun ọkọ̀. Ó dúró síwájú ọmọ rẹ̀ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ṣe ń dúró bí wọ́n bá pẹ́ dé.

Ó ní, "Ọma mi, mo ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ nù. Bí o bá gbà fún mi, màá dá a padà sáyè ẹ̀."

Jemima ní, "Papa, ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e á máa hàn."

"Omi òkun ti ń wá ojú ibi tí mo ti so pákó pọ̀ láti àádọ́ta ọdún, kò rí i. Ṣé ojú èèyàn ló máa wá rí i?"

Jemima wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ní ká ṣe é la máa ṣe é o."

Baba ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé pé inú ń run mí. Kì í ṣe irọ́, láti àná ló ti ń run mí.

Wọ́n fi ìfági fá ojú ibi tí ayùn ti kọjá lára pákó àti lára ẹ̀là náà. Baba fi ẹfun pa ọ̀kan, wọ́n gbé e ti ìkejì, wọ́n sì tún gbé e kúrò. Ibi tí ẹfun bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ló ga, ibẹ̀ ni wọn yóò fá díẹ̀. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì ń yọ, wọ́n á tún un fá.

"Ṣé kí n fá a sí i?" ni baba ń bi í.

"Ẹ dúró. Ibí yìí nìkan." Baba á dúró, á fá ibẹ̀ nìkan. Ẹ̀rín ń pa mí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò yọ mọ́, Jemima lu ihò, ó fi èèkàn igi àti gọ́ọ̀mù sí i. Irin tí wọ́n fi ń di pákó pọ̀ tó wà nílẹ̀ kò gùn tó. Baba mú okùn ọkọ̀, ó fi yí pákó náà ká, ó ti igi bọ inú okùn, ó sì ń lọ́ ọ títí okùn náà fi le. Gọ́ọ̀mù tó yọ síta, Jemima fi aṣọ tútù nù ún kíá, nítorí ibi tó bá gbẹ sí kò ní gba òróró mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n tú okùn. Wọ́n fi sánpépà ha á, láti orí èyí tó le dórí èyí tó kúnná, wọn ò sì dábùú ìlà ara igi rárá. Jemima kan ẹsẹ̀ tó ti ṣe sílẹ̀ mọ́ ọn, ó wá fi aṣọ ta òróró sí i. Ìrókò náà pọ́n, etí rẹ̀ mọ́ rúsúrúsú, ó ń wọ́ lọ. Mo fi ìka wá ìlà mi títí, mi ò rí i. Ọpẹ́ ni mo dá.

Lọ́jọ́ Sátidé, a fi píkọ́ọ̀pù gbé e dé Otor-Udu. Kí Madam Patience tó wí nǹkan kan, Jemima ti sọ òótọ́ fún un. "Madam, dem don cut this one side before. We join am back." Baba ń wo ilẹ̀.

Madam Patience wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ kan, ó bọ́ sí ìkejì. Ó ní, "Which side? Abeg, make una no use my eye play. I no see anything. This table fine pass wetin I dream!" Ó bá fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó wọ aṣọ funfun wá, ó ní ẹ̀gbọ́n òun yìí ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Ọkùnrin náà ti di àga mú.

"Oga, abeg, hold on!" Bàbá Akínsànmí ni. Gbogbo wa yíjú sí i. "No vex. For our side, person wey build am go first siddon."

Mo ń retí kó ká ṣòkòtò sókè bó ṣe máa ń ṣe. Kò ká a. Ó fa àga náà sẹ́yìn, ó dì í mú, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọma mi, ìwọ ló kàn án. Jókòó."

Jemima bojú wẹ̀yìn, àfi bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí tábìlì tó wọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún. Madam Patience tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sunkún tirẹ̀, ó tún pàtẹ́wọ́.

Baba ṣí fìlà, ó họ orí.

"Ọ̀gá," ló pè é, "ṣé kí èmi náà jókòó?"

Jemima nu ojú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta. "Papa, siddon, abeg."