Orúnkún Ìyá Mi àti Ìwé Ọmọ Ìlú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Inísà, gbogbo ilé ló mọ̀ pé tíṣà ni mo máa dà. Mo máa ń to àwọn ọmọdé ilé wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, màá mú pàṣán lọ́wọ́, màá ní kí wọ́n ka A, B, D. Ọmọ Ìkìrun ni bàbá mi, ó sì kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí àbúrò rẹ̀ ṣú ìyá mi lópó. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀, màámi kó wa padà sí Inísà, ìlú tiwọn, wọ́n ń yan gààrí tà, wọ́n fi ń tọ́ wa.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni mo wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjọba ń fún irú wa ní owó ìrànwọ́ nígbà náà, bọ́sárì là ń pè é. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìjọba ìbílẹ̀ tó o ti tọrọ rẹ̀, kí olórí ẹbí bàbá rẹ sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìwé ọmọ ìlú pé òun mọ̀ ọ́. Kò sí ibì kan nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí wọ́n ti bi mí bóyá mo mọ ọmọ kọ́.

Òkukù ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni Inísà wà. Ẹ̀pà ni akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì ń jẹ, kò sì gbójú sókè títí mo fi kúnlẹ̀ kí i tán. Ó bi mí níbi tí bàbá mi ti wá, mo sọ fún un. Ló bá ti fọ́ọ̀mù padà sí mi, tòun tèèpo ẹ̀pà lórí rẹ̀.

"Ilé bàbá ẹ là ń béèrè," ló wí, "kì í ṣe ibi tó o ti jẹun dàgbà."

Mo gba Ìkìrun lọ. Àwọn àgbà ilé bàbá mi ti kú tán, ta ni mo sì bá lórí àga olórí ẹbí? Àbúrò bàbá mi yẹn gan-an. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí, bẹ́ẹ̀ imú kan náà ló wà lójú àwa méjèèjì. Ó ní kí ìyá mi wá fúnra rẹ̀, pé ó mọ ohun tó ṣe fún òun.

Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n má lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ní ká lọ.

Ọkùnrin yẹn pe ìyàwó, ó pe ọmọ, ó ní kí gbogbo ilé jáde wá wò. Ó ní kí ìyá mi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó wọlé lọ wẹ̀, ó jáde, ó jẹ iyán tán, ó tún ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Oòrùn mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mo ní, "Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n rọra dá mi lóhùn, pé: "Fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ nígbà yẹn, mo ṣì kọ̀ ọ́. Orúnkún nìkan ló rí gbà."

Ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkìrun ju ìwé náà sínú fáìlì, kò tilẹ̀ ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí bọ́sárì náà tó dé. Ìwé méjì àti bàtà kan ló rà. Gààrí ìyá mi ló ti gbé mi débẹ̀. N kò lè wọ bàtà náà. Mo gbé e fún ẹlòmíì.

Mo ṣiṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ayé ti lajú báyìí, orí fóònù lẹ ti ń kún fọ́ọ̀mù, ẹ ò ní í rí ojú akọ̀wé kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin aládùúgbò mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kí n bá òun wo tòun. Mo kà á látòkè délẹ̀. Ìlú bàbá wà níbẹ̀. Ibi tí olórí ẹbí máa fọwọ́ sí wà níbẹ̀. Mo wá àyè tí wọ́n ti máa kọ orúkọ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, n kò rí i. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo dìde, mo lọ tutọ́ sẹ́yìn ilé.