Ẹ̀kúnwọ́ Àgbàdo Ìyá Mi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi ilé kéú là mí lójú kí n tó mọ ìwé Faransé kà. Ọpẹ́ náà ni pé ó jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí ẹ̀san.

Ìyá mi ń ta àgbàdo ní àdúgbò Zongo, ní ìlú Parakou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún kan, ọ̀gbẹ́ni kan ti òkè òkun dé, ó ní àwọn àjọ àgbáyé fẹ́ mọ oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ wa. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Ó bi ìyá mi pé àpò mélòó ló wà nínú yàrá ẹrù. Yàrá náà kún dé àjà.

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló kù, alihamudulilai," ni ìyá mi wí.

Kì í ṣe irọ́ lójú wa. Ta ni í ka ẹrù rẹ̀ sétí àlejò? Gbogbo ilé tí a wọ̀ ló dáhùn bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ̀, mo kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́, n kò ṣàlàyé. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ó kọ ọ́ sínú rapọ́ọ̀, ìwé ìjábọ̀ rẹ̀, pé ìyàn ti fẹ́ mú ní Zongo. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà ilé wa kà á níbi ìpàdé wọn, wọ́n sì kó àgbàdo ọ̀fẹ́ ránṣẹ́, ọkọ̀ lé ọkọ̀. Ta ni yóò tún ra ti ìyá mi? Kòkòrò jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọkùnrin yẹn padà fún mi.

Ó dá a padà. Lọ́dún kejì, ó dé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí n tún wá túmọ̀. Mo mú un wọ yàrá ẹrù, mo ní kó ti ọwọ́ bọ àpò. Kòkòrò gun apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, sọ fún mùsíò pé ẹ̀kúnwọ́ kan náà nìyẹn. Kó kà á o!"

Mo wí fún ọkùnrin náà pé, "Mi ò túmọ̀ mọ́, àfi tí o bá kọ ọ́ pé irọ́ ni rapọ́ọ̀ àkọ́kọ́."

Ó kọ ọ́ lórí ìdúró. Ó kà á sókè, mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Ọkùnrin náà wá bẹ̀ mí pé ká lọ sí àwọn ilé yòókù. Mo ní kó máa dá lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó bó ṣe ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń dá a lóhùn: "Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, alihamudulilai!" Adùn ọjọ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn ní kí n dárí jì í. Ọlọ́run ni Aláforíjìn. Èmi kò tíì débẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí kò bá ọ jẹun rí kọ ìwé ebi rẹ fáyé kà. Àmín.