Ìyá Tó Jókòó Tí Kò Dá Wa Lóhùn

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé ohun tí ilé iṣẹ́ wa kọ sílẹ̀ nípa ìyá yìí kì í ṣe òótọ́, èmi náà sì wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Dallas. Láti Wylie ni mo ti ń wakọ̀ wá síbẹ̀ láràárọ̀. Ará Thailand ni ìyá náà. Aṣọ ló ń rán ní gbogbo ayé rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Denton, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì tó nǹkan.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mo wọ yàrá rẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó jókòó lórí àga, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ti òsì, ó pa ojú dé. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i, mo tilẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún àgbà. Kò mira. Lọ́dọ̀ tiwa, tí a bá kí àgbà tí kò dáhùn, nínú kí inú máa bí i sí wa tàbí kí ara rẹ̀ má yá, ọ̀kan ni. Mi ò tíì ṣẹ̀ ẹ́. Mo wò ó pé ó ń mí dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé a pè é, kò dáhùn, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò dúró wo ohun tó ń ṣe. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo ṣe é.

Ọ̀gá wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, lọ kí i lọ́jọ́ kejì. Òun náà kò rí ìdáhùn. Ó kọ́kọ́ kà á sí àrífín, nígbà tó yá ó kà á sí àìsàn. Láàárín oṣù méjì àkọsílẹ̀ ti pọ̀: kò dáhùn, ó kọ oúnjẹ alẹ́, a bá a nílẹ̀, ó jọ pé ó ṣubú. Ọ̀gá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní iyè ìyá ti ń ra, ká gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn tó ń gbàgbé nǹkan. Ilẹ̀kùn ẹ̀ka yẹn kì í ṣí láìtẹ nọ́ńbà. Tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ di alẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ tó padà wá sọ́dọ̀ wa.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bá wa tọ́jú àwọn àgbà, Mùsùlùmí kan láti Ìwó, ló là mí lójú. À ń jẹun ọ̀sán, mo ń ròyìn ìyá náà fún un.

"Ó ń mí, ó jókòó dáadáa, kò kàn dáhùn ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, tí mo bá wà lórí ìrun tí ẹ bá kí mi, ṣé mo máa ń dá yín lóhùn?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ti kọ èmi náà sínú kọ̀ǹpútà pé orí mi ti yí?"

Mo ti oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pe ọmọ ìyá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì wá ní Sátidé.

Ó ṣàlàyé pé ìyá òun kì í ṣe ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń gbé nílé ìsìn Búdà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹun lásán ni, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti máa ń jókòó báyìí láàárọ̀ kùtùkùtù. Tó bá mí sínú, á sọ "Pút" nínú ọkàn. Tó bá mí síta, "Tó". Orúkọ Búdà ni. Tí ọkàn bá sá lọ, á fà á padà. Lọ́jọ́ mímọ́ wọn, tí wọ́n ń fi òṣùpá mọ̀, ó máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́jọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ọ̀kan ni pé kò ní jẹun lẹ́yìn ọ̀sán. Ìkẹjọ ni pé kò ní sùn lórí ibùsùn gíga.

"Wọ́n ní ìyá mi ṣubú," obìnrin náà wí. "Ẹní ló tẹ́! Ṣé ẹni tó fẹ́ ṣubú máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ ná? Ẹnikẹ́ni ò lè bi í léèrè?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ó ti kọ ẹ̀sìn ìyá rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó mú un wá. Kò sẹ́ni tó kà á.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá náà, tí àwòrán Búdà kékeré wà lórí àwọn ọjọ́ kan. Mo gbé àkọsílẹ̀ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó kọ oúnjẹ alẹ́, gbogbo ọjọ́ tí a ní ó ṣubú, àwòrán wà lórí rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwọn ọjọ́ yìí."

"Hẹn-ẹn! Lọ́yà àwọn Búdà ti dé."

"Ààwẹ̀ ni ìyá ń gbà mà. Àwa náà ń gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tó tì wá mọ́lé."

"Èmi ń gbààwẹ̀, mo sì ń dáhùn tí wọ́n bá kí mi. Tó bá forí gbálẹ̀ lọ́la, ṣé ìwọ lo máa lọ sí kóòtù?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé torí àdúrà la ṣe tì í mọ́lé?"

"Àdúrà wo? Àbí o ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni?"

Mo lọ kọ ìwé sí olùdarí, ojú ewé mẹ́rin, ọjọ́ àti aago ohun kọ̀ọ̀kan. Ohun tí èmi fúnra mi kọ ni mo fi síwájú.

Olùdarí, òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè wá jọ. Ó gba ẹnu ọmọ bi ìyá pé ọjọ́ wo la wà, ibo ló wà. Ìyá dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹyin tí a ń fún òun láàárọ̀ ti le jù. Olùdarí ní kí wọ́n má gbé e lọ mọ́.

Ọ̀gá wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ "ṣubú" wà nínú àkọsílẹ̀, òfin kò sì jẹ́ ká pa á rẹ́. Àlàyé nìkan la lè kọ sábẹ́ rẹ̀. Nítorí "ṣubú" yẹn, wọ́n fi álààmù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá, èyí tó máa ń han gooro ní kété tó bá dìde. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ mi á bọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ mímọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní. Álààmù han, àwọn aláìsàn tó wà ní yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ènìyàn mẹ́ta sáré wọlé. Ìyá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó bẹ gbogbo wọn, ó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, títí kan ọjọ́ mímọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lórí fóònù, ó ń túmọ̀. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kò dáhùn. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó na ìka mẹ́jọ sókè, ó sì ká ọ̀kan.

"Ó ní ó ku méje," ni ọmọ rẹ̀ wí, "àti pé méje náà, òun ń pa á mọ́."

Ó lè tó ìyá. Kò tó èmi. Mo ti kọ ìwé mìíràn, lórí ìkẹjọ yẹn nìkan: kí wọ́n pa álààmù náà ní ọjọ́ mímọ́, kí ẹnì kan jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí wọn ò bá rí ẹni tó máa jókòó, èmi máa jókòó.