Ọmọ mi yọ nínú orí mi

Ìyá Ṣadé, mo ti dá asẹ́ yín padà o, n ò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi yòókù. Dúpẹ́ ọmọ mi yọ nínú orí mi lónìí!

Mo ń bó pákí lọ́wọ́ ló na fóònù sí mi. "Mọ́mì, ẹ wo ara yín nínú géèmù mi." Obìnrin kan ló gbé idà dání, ó ń jẹ́ orúkọ mi. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: agbára mẹ́wàá, ọgbọ́n mẹ́sàn-án, orí ẹyọ kan!

"Kí ló dé tí orí mi fi jẹ́ ẹyọ kan?"

"Máàkì ogún péré ni géèmù ní ká pín. Mo yọ nínú orí, mo fi kún agbára."

"Orí ìyá ẹ lo yọ! Dá a padà!"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé apá yín lẹ fi tọ́ wa, kì í ṣe oríire?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó lóun lè dá a padà, àmọ́ kí n mú èyí tóun máa dín kù. Ṣé agbára ni àbí ọgbọ́n? Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ o. Ọjọ́ Àìkú ló ń padà sílé-ìwé, ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ gbọ́ èsì yín.