Àáró Tíṣà Wa

Nígbà tí ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n kọ́ tiwa sí, lọ́nà Tẹ̀dé, nínú igbó tó kún fún kùkùté àti ògán. A ní kíláàsì, ṣùgbọ́n a ò ní pápá. Ojú títì la ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ lásán, bí a bá sì gbúròó lọ́rì, a ó fọ́n ká. Àwọn ọmọ Ṣakí tí wọ́n ní bàtà bọ́ọ̀lù ń pè wá ní ará oko. Wọn ò kúkú parọ́.

Ìsẹ́yìn ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù ti wá. Ìdílé ahunṣọ òfì ni wọ́n bí i sí, kò mú ọkọ́ rí láyé rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ebè ló ń bá òun du àwa ọmọ. Bí àsìkò ebè bá ti dé, àwọn bàbá wa á bẹ̀rẹ̀ àáró: gbogbo wọn á lọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Àwa ọmọ ń tẹ̀ lé wọn. Bàbá mi ni olórí wọn, iṣẹ́ ọ̀lẹ sì ni bọ́ọ̀lù lójú tirẹ̀.

Tíṣà ò bá wọn jà. Ó ra ọkọ́ lọ́jà, ó wá bá wa lóko.

“Tíṣà,” bàbá mi wí nígbà tó rí ebè rẹ̀ àkọ́kọ́, “ebè la ní kí ẹ kọ, ẹ̀yin ń gbẹ́ sàréè eku.”

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó fi àkísà wé e, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò sí oko tí kò dé. Bí iṣẹ́ bá parí, á ní ká máa gbá bọ́ọ̀lù sáré gba àárín ebè kọjá. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ba ebè jẹ́, òun ni yóò tún un kọ.

Ìgbà tó yá, ìròyìn dé pé ọ̀dọ̀ wa ni ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Ṣakí yóò ti wá bá wa figagbága ní Sátidé. Bí kò bá sí pápá, àwọn tó ṣètò ìdíje náà á ní Ṣakí ló borí. Tíṣà wá bá àwọn bàbá wa níwájú ilé wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀yin bàbá, mo ti bá yín ṣe àáró kárí. Ó kan tèmi.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, oko wo lẹ ní?”

“Igbó iwájú súkúù ni oko mi.”

Gbogbo wọn yíjú sí bàbá mi. Bí ó bá kọ̀, ó parí fún wa nìyẹn. Ó wo àpá ọkọ́ lọ́wọ́ tíṣà.

“Àáró kì í bèèrè ohun tí èèyàn fẹ́ gbìn,” ló wí. “Ó ṣe fún wa. A ó ṣe fún un.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tọkọ́ tàdá ni wọ́n dé. Wọ́n hú kùkùté, wọ́n wó ògán, wọ́n tẹ́ ilẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú ògán náà wà níbi tí èmi tí mo ń ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù wa yóò dúró sí. Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án, òun nìkan ló wó o. Kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀, a ti ní pápá.

Ní Sátidé, àwọn ará Ṣakí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi òpó ọparun tí a rì ṣe ojú ilé bọ́ọ̀lù ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí ọmọ kúkúrú kan nínú wa mú. Ó ń yọ́ gba àárín wọn bí ìgbà tó wà láàárín ebè, òun ló sì gbá a wọlé. Ọ̀kan yẹn náà ni wọn ò rí san títí réfírì fi fọn fèrè. Títí dòní, bí mo bá rántí, orí mi ń wú.

Bàbá mi ò wò mí. Ó la àárín èrò kọjá lọ bá tíṣà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Tíṣà,” ló wí, “tó bá di àsìkò ebè tó ń bọ̀, oko yín la ó kọ́kọ́ ṣe.”