Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Ṣàlàyé Òwò Mọ́ínmọ́ín

Ibi ìjẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ. Torí náà, ẹ̀rù kò bà mí nígbà tí olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa òwò ṣíṣe, ní kí kálukú fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣàlàyé òwò tó fẹ́ dá sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é dáadáa yóò tún kíláàsì náà kọ́.

Mo kí olùkọ́, mo kí gbogbo ilé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi dé Atlanta, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tó ń bá mi gbé ọmọ. Bí mo ṣe fẹ́ mẹ́nu kan mọ́ínmọ́ín tí mo fẹ́ máa tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ìlú Forest Park nítòsí, aago dún pé ìṣẹ́jú mẹ́ta mi ti pé.

Màmá aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tó jókòó níwájú, ní, "Àmín, ọmọ mi. Kí wá ni ò ń tà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, inú mọ́tò ni mo ti dúpẹ́ tán. Nígbà tí mo wọ kíláàsì, mọ́ínmọ́ín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, mo sì yege.